Ṣíìtì tó jẹ́ kí n rí oorun ọ̀sán sùn

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù ni mo máa ń wọ wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ alẹ́, n óò sì jáde ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí n tó wọ kẹ̀kẹ́ márúwá dé Gáà Akánbí, kí n wẹ̀, kí n mu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀, oòrùn ti gun orí páànù. Ẹni tó bá ti gbé Ìlọrin nínú oṣù kẹta kò nílò àlàyé. Iná kò sí, fáànù dúró gbagidi lókè, ooru ń ti àjà bọ̀, ó ń ti inú fóòmù bọ̀, èmi sì wà láàárín bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú ewé.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ìlú yìí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan ló là mí lójú.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní ìgboro ni mo ti rà á, irú èyí tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní dárúkọ wọn. ₦28,000 ni mo san fún ṣíìtì ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà kan pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí mẹ́rin. Inú àpò ọ̀rá onísíìpù ló wà. Wọ́n kọ "100% Cotton" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, wọ́n tún kọ "1200 Thread Count" sí abẹ́ ìyẹn. Ó ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Mo ní òwú gidi rèé, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi.

Oṣù kọkànlá ni mo rà á, kò sì pẹ́ tí ọyẹ́ fi dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo fa aṣọ náà nínú òkùnkùn kí n tún un tẹ́ dáadáa, mo rí i tí iná ń ṣẹ́ wínníwínní lára rẹ̀, ó ń ta pẹ́pẹ́pẹ́. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde jókòó. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, iná tó wà lára aṣọ yìí pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń mú wá sílé lọ." A fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán tí ooru wọlé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Òógùn kì í wọ inú aṣọ yẹn. Orí rẹ̀ ló ń dúró sí, á wá ṣàn lọ síbi tí ara mi bá ti tẹ fóòmù wọlé. Aago kan ọ̀sán ni mo máa ń jí, nínú adágún omi. Kó tó pé oṣù mẹ́rin, ó ti ta kókó wínníwínní níbi ẹsẹ̀, ó ń ho ènìyàn lára.

Màmá mi ló sọ ohun tí n óò ṣe, lórí fóònù, láti Òmù-Àrán. "Tú òwú díẹ̀ lára rẹ̀, kí o ṣáná sí i." Ìyá tiwọn, ìyá ìyá mi, hun kíjìpá títí ojú fi di bàìbàì, nítorí náà ọ̀rọ̀ òwú kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ nínú ìwé nílé wa. Mo fi abẹ́rẹ́ tú fọ́nrán mẹ́ta, mo fi ẹ̀mú kékeré mú un lórí àwo irin, mo ṣáná sí i. Ó súnkì, ó yọ́, èéfín dúdú jáde, ó ń rùn bí ìgbà tí ọmọdé bá ju ike sínú ààrò. Nígbà tó tutù, ohun tó kù jẹ́ kókó dúdú kan tó le bí ìlẹ̀kẹ̀, èékánná mi ò ràn án. Mo wá tú fọ́nrán lára ọ̀já tí mo fi pọn àwọn ìbejì nígbà kan. Ìyẹn gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó jó lọ geere, ó ń rùn bí ìwé tí wọ́n ń sun, eérú rẹ̀ sì jẹ́ eérú fúlẹ́fúlẹ́ tí mo fi ìka kan ṣoṣo fọ́ dànù.

Láti ìgbà náà, mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn tú fọ́nrán ní ọ̀nà kan nìkan. Aṣọ ní fọ́nrán tó nà ní gígùn, ó ní èyí tó gbà á kọjá ní ìbú. Mo ti bá aṣọ pàdé tí ti gígùn jẹ́ òwú, tí ti ìbú sì jẹ́ pọ́lísítà, ìyẹn fọ́nrán tí wọ́n fi irú nǹkan ike ṣe. Ẹni tó bá dán ọ̀kan wò nínú méjèèjì ti bọ́ sí kòtò. Èyí tó bá jó bí ìwé tó tún fi kókó líle sílẹ̀, àdàlù ni. Èyí tó bá ń rùn bí irun tó jó, sílíkì ni tàbí irun àgùntàn, ìyẹn kì í sì í sábà dé ọwọ́ irú wa. Ẹ jọ̀wọ́, orí àwo irin ni kí ẹ ti ṣe é o, kí ẹ jìnnà sí kọ́tìnì ojú fèrèsé. Mo ti tọ́jú ẹni tí iná jó, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo gbé ṣíìtì náà padà lọ fún wọn. Wọ́n ní ọjà tí a bá ti tú kúrò nínú ọ̀rá kò ṣeé dá padà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi ìṣáná hàn yín. Ọ̀gá wọn ní kí n má dáná sínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó jàre ní ti ìyẹn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ nìyẹn, bí mo ṣe ń ka ara páálí oògùn. "Cotton Feel" kì í ṣe òwú. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. "Microfibre", pọ́lísítà ló sábà máa ń jẹ́, bó ti wù kó rọ̀ tó. "Satin" kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ òwú kankan, orúkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà hun aṣọ ni. Wọ́n lè fi pọ́lísítà hun ún, wọ́n sì lè fi òwú hun ún, èyí tí wọ́n bá fi òwú hun ni wọ́n máa ń kọ "sateen" sí. "Bamboo" náà, òótọ́ ni pé ara ọparun ló ti wá, ṣùgbọ́n kẹ́míkà ni wọ́n sábà máa ń fi yọ́ ọ kó tó di fọ́nrán. Ní ti iye fọ́nrán tí wọ́n ń pè ní "Thread Count", ohun tí wọ́n ń kà ni gbogbo fọ́nrán tó wà nínú ínǹṣì kan níbùú lóòró. Igba sí irinwó ti tó ẹni tó ń gbé inú ooru. Bí ẹ bá rí 1200, á jẹ́ pé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni wọ́n ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n kàn máa parọ́.

Ẹni tó mú mi dé ibi tí mo ti rí òwú gidi ni àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ọmọ Pàkàtà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fi àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí òkìríkà." Mo kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé aṣọ òkú òyìnbó ni òkìríkà, pé ọmọlúàbí kì í sùn lé aṣọ tí a kò mọ ẹni tó sùn lé e rí. Àìróorunsùn ló gba ìgbéraga lọ́wọ́ mi.

Ọjà Tuntun ni a lọ. Ìyá kan jókòó sórí àpótí kékeré, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, òkìtì ṣíìtì wà níwájú rẹ̀ lórí tápólì. Àlàájà ni gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ọjà á tà."

"Àmín, Nọ́ọ̀sì. Kí lo ń wá?"

"Ṣíìtì òwú ni, mà. Ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà."

"Òwú tí ìwọ mọ̀ ni, àbí òwú tí wọ́n sọ fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi di oníbàárà rẹ̀ títí di òní. Kò dúró de èsì mi. Ó ti ìka bọ inú píọ̀wọ́tà tó ń mu, ó kán ẹ̀kán kan sórí ṣíìtì aláwọ̀ ewé kan. Omi náà dúró rógódó bí ojú ẹja. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kán òmíràn sórí funfun kan tó rún jákujàku, omi náà wọlé lójú ẹsẹ̀, ó tàn ká. Ó ní, "Ìyẹn ń mu omi. Yóò mu òógùn rẹ." Òótọ́ ni, àmọ́ mo ti rí i pé aṣọ òwú tuntun tí sítáàṣì ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ lè má tètè mu omi, nítorí náà mi ò fi ìyẹn nìkan dá ẹjọ́. Ti òkìríkà dára ní ìhà yìí nítorí pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí sítáàṣì kankan lára rẹ̀ mọ́ tó lè tan ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fún un pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, òwú á rún, á sì wà ní rírún. Pọ́lísítà á nà padà bí ẹni tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún.

Ìwọ̀n ni ó fẹ́ kó mi ní ìdààmú. Ọ̀pọ̀ nínú ṣíìtì wọ̀nyẹn láti Ìlú Ọba ni, àwọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà wọn bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n ń pè ní "Double" jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 135 sí 190. Ó máa ń bá bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́fà tiwa mu. "King" wọn jẹ́ 150 sí 200, kò tó fún mi. "Superking", 180 sí 200, ni ó sún mọ́ tiwa jù, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́fà jẹ́ nǹkan bíi 183. Ìbú rẹ̀ á fún díẹ̀, gígùn rẹ̀ á ṣẹ́kù, ẹ óò kàn ká a sábẹ́ fóòmù. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni "King", ó tóbi ju ti Ìlú Ọba lọ dáadáa: ínǹṣì 76 sí 80. Nítorí náà orúkọ nìkan kò tó, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ igun aṣọ. Àkọlé yẹn kan náà ni ó ń sọ irú òwú, mo sì ti rí i pé ó ṣeé fọkàn tán ju èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá lọ. Ibi tó bá ti parẹ́, mo máa ń gba àyè lọ́wọ́ Àlàájà kí n fa fọ́nrán kan ní igun. Ó ti mọ̀ mí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fún mi ní ìṣáná.

Méjì ni mo mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀kan láti Pakistan, ọ̀kan láti Portugal, òwú ni méjèèjì. Irú èyí tí wọ́n hun ní òkè-kan-ìsàlẹ̀-kan ni, tí wọ́n ń pè ní "percale": kì í dán, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìwé tuntun tí ènìyàn bá ń ṣí i. Òun ni mo fẹ́ràn fún ooru ju "sateen" lọ, nítorí sateen máa ń lẹ̀ mọ́ ara díẹ̀. Ó pè é ní ₦5,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ₦3,000. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun kó ọmọ òun fún mi náà ni. A parí rẹ̀ sí ₦4,000. Mo mú àpò ìrọ̀rí mẹ́rin ní ₦600, ₦600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦10,400, kò tó ìdajì owó tí mo kó lọ fún àwọn oní-ẹ̀rọ-amúlétutù.

Ọjà òkìríkà ní àléébù tirẹ̀ o. Rọ́bà etí ọ̀kan nínú méjèèjì ti kú pátápátá. Télọ̀ gba ₦1,000 lọ́wọ́ mi kó tó fi tuntun sí i. Àwọn àpò ìrọ̀rí kò jọra wọn, ọ̀kan ní òdòdó, ọ̀kan ní ilà, ẹni tó bá fẹ́ kí yàrá òun rí bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì kò ní í gbádùn rẹ̀. Ìgbà kan tún wà tí mo kánjú, tí mi ò gbé ṣíìtì sókè sí oòrùn kí n wo àárín rẹ̀. Mo délé, mo rí i pé ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ń fi ìdí sí ti fẹ́lẹ́ bí ojú asẹ́. Ó ya ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àlàájà kò gbà á padà, kò sì purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, ó ti ní kí n wò ó dáadáa. Ọjà tí ẹ bá bá lónìí, ẹ lè má bá a lọ́la. Ẹni tó bá dé lọ́sàn-án, ṣẹ́kù ẹlòmíràn ló máa ń bá.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa mi orí sí mi, mo mọ ohun tó lè wà nínú aṣọ àlòkù, iṣẹ́ mi ni. Kòkòrò kúrúnà kì í pẹ́ láyé bí kò bá rí ara ènìyàn gbé; ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń lò. Nítorí náà, bí mo bá ti dé, n óò di ṣíìtì sínú ọ̀rá dúdú, n óò so ó lẹ́nu pinpin, á wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn n óò sè é. Sísè ni mo ní, nínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se ọbẹ̀ ìnáwó, pẹ̀lú ọṣẹ. Ìdun àti ẹyin rẹ̀ kò lè fara da omi tó ń hó. Ó kan oòrùn, ó kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Òwú gba gbogbo ìyà yìí, á sì tún mọ́ sí i. Mo dán an wò lára ṣíìtì ₦28,000 yẹn, nítorí inú ń bí mi sí i: ó jáde nínú ìkòkò ní kíká bí ewé gbígbẹ, mo fi ń nu mọ́tò Bàbá Ìbejì báyìí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo sùn lé ti Pakistan, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo dùbúlẹ̀. Aago mẹ́ta ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé dé. Ooru kò lọ o, mo ṣì làágùn, ṣùgbọ́n òógùn ń wọ inú aṣọ, aṣọ ń gbẹ, atẹ́gùn díẹ̀ tó bá sì gba ojú fèrèsé wọlé, mo ń mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan kejì tó tún ràn mí lọ́wọ́ kò ná mi ní kọ́bọ̀: mo bọ́ ọ̀rá tí fóòmù wa bá dé láti ìsọ̀. Ọdún mẹ́ta la fi sùn lé ọ̀rá, kí fóòmù má bàa gbó! Ẹ lọ wo tiyín.

Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ kan òkìríkà, ọ̀nà rẹ̀ wà ní Ọjà Ọba. Níbẹ̀, nítòsí ààfin Ẹ́míà, àwọn tó ń ta aṣọ ní yáàdì-yáàdì máa ń ní pọ́pílínì òwú, funfun àti aláwọ̀ kan. Ẹ múra láti dúró pẹ́, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn ni wọn yóò pè ní kọ́tìn. ₦2,200 ni mo ra yáàdì kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 45. Yáàdì mẹ́fà ni mo rà: mẹ́ta fún apá kan, mẹ́ta fún apá kejì, bí a bá rán wọn pọ̀ ó di ínǹṣì 90 ní ìbú, ó tó bo fóòmù kó sì tún ṣẹ́kù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Télọ̀ mi ní Ọ̀fà Gáréèjì fẹ́ rán an kí ojú rírán gba àárín gbùngbùn. Mo ní rárá. Àárín ni mo máa ń sùn sí lọ́sàn-án nígbà tí Bàbá Ìbejì bá wà níbi iṣẹ́. Ó la apá kan sí méjì, ó fi ìdajì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo àárín sì wà ní odidi. ₦2,500 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦15,700, ó wọ́n ju òkìríkà lọ, ṣùgbọ́n tuntun ni, èmi nìkan ló sì sùn lé e rí. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi kí ẹ sì sá a gbẹ kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Òwú á súnkì. Tèmi pàdánù bí ínǹṣì mẹ́rin ní gígùn. Ká ní mo ti kọ́kọ́ rán an ni, fóòmù ni ìbá yọ orí síta.

Ní ti aṣọ wíwọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí yúnífọ́ọ̀mù ló ń jẹ ìdajì ayé mi, àdàlù ni ìyẹn, mi ò sì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ni mo máa ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Pátá náà, òwú ni kó jẹ́. Mo ti sọ ìyẹn fún àwọn ìyá ní wọ́ọ̀dù tó. Bí ẹ bá ń ra ànkárá, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìda ṣe bó ṣe yẹ, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti iwájú dọ́gba. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, ojú kan ni wọ́n tẹ àwọ̀ sí, ẹ tún ṣáná sí i kí ẹ tó sanwó, nítorí pọ́lísítà ti pọ̀ nínú ànkárá olówó pọ́ọ́kú. Jálàbíà tí Bàbá Ìbejì ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, mo ti dán an wò. Mo dákẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

Kàmpàlà ni aṣọ ilé tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Bùbú kàmpàlà kan tí mo rà ní ₦9,500, lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń kó o wá láti Abẹ́òkúta, òwú ni láti ọrùn dé ẹsẹ̀, atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní kí n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọ̀ ọ́. Mo sùn nínú rẹ̀, nígbà tí mo jí, abíyá mi ti di búlúù, ọ̀kan nínú àpò ìrọ̀rí ₦600 mi náà ti di búlúù. Ẹ̀bi tèmi ni. Omi tútù, abẹ́ ibòji, ẹ má sá a sí oòrùn gangan bíi ti ṣíìtì.

Ẹ ó wá ní, ṣebí Ìlọrin ni wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, kí ló gbé mi dé ìdí òkìríkà? Èmi náà bi ara mi. Mo wọ agboolé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Sátidé kan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún jókòó sídìí òfì lábẹ́ páànù, òwú nà gbọọrọ níwájú wọn bí ojú irin rélùwéè, òkúta tó dè é mọ́lẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ ń lọ, ọ̀kọ̀ ń bọ̀. Mo ní mo fẹ́ ìbora tí wọ́n fi òwú nìkan hun, tí kò ní dán rárá. Ọ̀kan nínú wọn dá ọ̀kọ̀ dúró. "Àǹtí, àwọn ènìyàn ń sanwó kó lè dán, ẹ̀yin fẹ́ sanwó kó má dán." Ó mú mi wo òwú tó wà nílẹ̀: kọ́tìn rèé, sílíkì rèé, èyí tó ń kọ mọ̀nà nìyí. Mo tọrọ ìkékúrú sílíkì náà, mo ṣáná sí i lójú gbogbo wọn. Ó rùn bí ìwé. Sílíkì tòótọ́ á rùn bí irun, nítorí ara kòkòrò ló ti ń wá. Ara igi ni wọ́n ti yọ èyí. Ọmọ náà kò bínú, ó ní bí òun ṣe bá orúkọ rẹ̀ lọ́jà nìyẹn. A ń sọ pé sányán ni baba aṣọ, àlàárì ni baba ẹtù. Sányán tí àwọn baba wa ń sọ, inú ilé kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń yọ òwú rẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, sílíkì pupa àlàárì sì gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ wọn. Mo bi í bóyá ó ti rí sányán gidi hun rí. Ó tọ́ka sí àwọ̀ ilẹ̀ kan nínú òwú ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ṣírò rẹ̀ fún mi. Ojú aṣọ kan fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́rin, á tó ojú mẹ́tàlélógún kó tó bo bẹ́ẹ̀dì mi, kọ́tìn nìkan, ₦95,000. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ni, mi ò bá a jà lórí rẹ̀. Àpò mi ni kò gbé e. Ìrépé ojú méjì tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo rà ní ₦3,000, télọ̀ mi fi ṣe etí àpò ìrọ̀rí, gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ló ń bi mí léèrè ibi tí mo ti rà á.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí mo délé ní ìparí oṣù, wọ́n gbé kíjìpá ìyá wọn jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó wà ní kíká pẹ̀lú káńfọ̀. Àwọn obìnrin ló ń hun ún nílé wa ní Ìgbómìnà, lórí òfì tó dúró lóòró mọ́ ara ògiri, aṣọ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Òwú oko ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ran án. Ó wúwo bí àpò gàrí. Mi ò lè bo irú rẹ̀ nínú oṣù kẹta láéláé, ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ìbejì méjèèjì sùn sábẹ́ rẹ̀ láìhanrun, kò sì sí iná kankan tó ṣẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n tún fún mi ní àpò òwú àràbà kan tí wọ́n kó jọ nígbà tí èso rẹ̀ bẹ́, pé kí n fi rọ ìrọ̀rí. Mo rọ ọ̀kan. Ó fẹ́lẹ́, kò gbóná sí ọrùn, ó máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, n óò sá a sí oòrùn, á tún wú. Kíkó o sínú àpò ni iṣẹ́. Mo sín títí di alẹ́, irun mi funfun bíi ti arúgbó. Ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ sì má gbé e sún mọ́ àbẹ́là, ó máa ń gbiná kíá.

Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta ti tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ Àlàájà láti ìgbà náà, dókítà kan náà ti ní kí n mú òun lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń ṣí béèlì, kó tó di aago mẹ́jọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó bá mi tọ́jú Superking funfun kan tó bá ní ilà búlúù létí, kí ó lè bá ti Portugal mi mu, torí mi ò ní lè jáde níṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́jọ. Bí ẹ bá débẹ̀ ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú aláwọ̀ mìíràn.